Òògùn Náà Ti Ń Ṣiṣẹ́, Kí Ló Dé Tí Kókó Tún Fi Ń Wú?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ń lo ọmọ ogun ara aláìsàn fúnra rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìmúnotẹ́rápì. Mo ti yọ orúkọ kúrò lára wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn ju àwọn yòókù lọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mẹlanómà. Kí wọ́n tó rí i, ó ti dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fún wọn ní oríṣi òògùn méjì pa pọ̀ láti ojú iṣan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n máa gba ọ̀kan lọ nínú méjèèjì. Àwọn kókó náà súnkì débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn lórí àwòrán mọ́. Ó lé lọ́dún kan tí ara wọn fi le. Ní báyìí, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ tún ti ń wú, àwọn yòókù ò sì yí padà. Àwọn ẹbí ní wọn ò sinmi tó, pé iṣẹ́ tí wọ́n padà sí ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti gbà bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ló fà á? (Àbúrò tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ kọ́kọ́ ka ìdáhùn yẹn sétí ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ tó ka ìyókù. Kì í ṣe àwọn ló fà á. Iṣẹ́ tí wọ́n padà sí ò jí kókó kankan dìde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni kí aláìsàn jókòó síwájú mi kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú kókó yẹn gan-an ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bí òògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù wò, kó sì pa èyí tó bá ti bàjẹ́. Irú agbára bẹ́ẹ̀ léwu. Tí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró, ara tó yẹ kó dáàbò bò ni yóò bá jà. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì T fi ní ìjánu. Ọ̀kan nínú àwọn ìjánu yìí ni CTLA-4, òmíràn ni PD-1. Tasuku Honjo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto, ní Japan, ló ṣàwárí PD-1 ní 1992. Ní 1996, James Allison àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí èèyàn bá dí CTLA-4 lára eku, eku náà lè lé kókó jẹjẹrẹ kúrò lára fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ipilimumab, tó ń dí CTLA-4, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2011. Pembrolizumab àti nivolumab, tó ń dí PD-1, tẹ̀ lé e ní 2014. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ìtọ́jú náà, ó jọ pé ipilimumab àti nivolumab ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín.

Jẹjẹrẹ mọ ibi tí ìjánu yẹn wà. Ó máa ń gbé pùròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní PD-L1 sí ojú ara rẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì T bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, PD-L1 á fa PD-1, sẹ́ẹ̀lì T á sì dúró gbagidi láì ṣe nǹkan kan. Òògùn tí ẹ̀gbọ́n yín ń gbà kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ó kàn ń dí ọ̀nà tí jẹjẹrẹ fi ń fa ìjánu ni, sẹ́ẹ̀lì T tó wà lára wọn tẹ́lẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tó kù. Nígbà tí àwọn kókó yẹn súnkì, ara tiwọn ló ṣe é.

Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kókó kì í rí bákan náà. Kókó tí kò ju orí ìka lọ lè ní sẹ́ẹ̀lì tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú. Bí wọ́n ṣe ń pín ni àṣìṣe ń wọ inú DNA wọn, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, òmíràn á tiẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì tó ní i. Tí ọ̀kan bá wá ṣèèṣì bọ́ síbi tó mú kí sẹ́ẹ̀lì kan ríbi sá pamọ́ sí, sẹ́ẹ̀lì T á pa gbogbo ojúgbà rẹ̀, á sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹyọ kan yẹn á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Fún oṣù púpọ̀, kò sí àwòrán tó lè rí i. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gún ẹ̀gbọ́n yín lábẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ pàápàá.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2016, Antoni Ribas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn mẹ́rin tó ní mẹlanómà. Pembrolizumab ti bá wọn lára mu, kókó wọn ti súnkì, kí àìsàn náà tó padà dé. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó tó wà ṣáájú ìtọ́jú àti èyí tó dìde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi jíìnì inú wọn, ìyẹn àwọn ẹ̀ka DNA, wéra. Lára ẹnì kan, jíìnì JAK1 ti bàjẹ́. Lára ẹnì kejì, JAK2 ni. Lára ẹnì kẹta, B2M. Wọn ò rí ìdí ti ẹnì kẹrin.

Ẹ wo ohun tí àwọn jíìnì yìí ń ṣe. Tí sẹ́ẹ̀lì T bá bá jẹjẹrẹ pàdé, ó máa ń da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ interferon gamma lé e lórí. Kẹ́míkà yìí ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pé kó dẹ́kun dídàgbà, kó sì fi ara rẹ̀ hàn dáadáa. JAK1 àti JAK2 ló ń gba àṣẹ yẹn wọlé. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì T lè máa pàṣẹ títí, jẹjẹrẹ ò ní gbọ́. Ti B2M tún le ju ìyẹn lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa máa ń kó èérún pùròtéènì tó wà nínú wọn jáde sójú ara wọn, lórí ohun kan tí à ń pè ní HLA, kí sẹ́ẹ̀lì T lè yẹ̀ ẹ́ wò. B2M ni jíìnì tó ń ṣe pùròtéènì tó ń ti HLA yìí lẹ́yìn kó lè dúró. Tó bá ti sọnù, HLA ò ní dúró mọ́, sẹ́ẹ̀lì T á kọjá níwájú jẹjẹrẹ láì rí nǹkan kan. Ní irú ipò yìí, òògùn PD-1 ṣì ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ìjánu ti tú. Sẹ́ẹ̀lì T ni kò rí ẹni tí yóò bá jà.

Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T gan-an ló ti rẹ̀. Èyí tó bá ti ń bá nǹkan kan náà jà láti oṣù dé ọdún máa ń yí padà, títí kan bí DNA rẹ̀ ṣe ká jọ. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjánu kún ìjánu, bíi LAG-3 àti TIM-3. Dídí PD-1 nìkan lè jí i fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Relatlimab, tó ń dí LAG-3, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2022 pẹ̀lú nivolumab, mẹlanómà gan-an ni wọ́n sì fọwọ́ sí i fún.

Ẹ ní ti inú ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń wú. Èyí yé mi dáadáa. Ohun gbogbo tí a bá jẹ tàbí tí a mu ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, tí ẹ̀dọ̀ bá sì ń bá gbogbo wọn jà, a ò ní ní àlàáfíà. Nítorí náà, àdámọ́ rẹ̀ ni kó máa tu sẹ́ẹ̀lì T lójú. Jẹjẹrẹ tó bá fara pamọ́ síbẹ̀ ń jèrè ìfarabalẹ̀ yẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kókó inú ẹ̀dọ̀ àti ti inú ẹ̀dọ̀fóró lè ti orísun kan náà wá kí jíìnì wọn sì ti yapa tipẹ́.

Ohun tí ẹ máa bi dókítà tó ń tọ́jú wọn nìyí. Ṣé wọ́n lè gé díẹ̀ lára kókó inú ẹ̀dọ̀ yẹn, kí wọ́n yẹ HLA àti àwọn jíìnì rẹ̀ wò, dípò kí wọ́n gbára lé èsì ti ọjọ́sí? Ṣé ó ṣeé gé kúrò pátápátá, àbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, kí òògùn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí àwọn yòókù? Nígbà tó jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló ń dàgbà, mo ka ìbéèrè yìí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ṣé mẹlanómà wọn ní àyípadà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRAF? Nǹkan bí ìdajì mẹlanómà awọ ara ló ní i, àwọn òògùn oníhóró sì wà fún un tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀nà míràn tún wà: àwọn dókítà lè yọ sẹ́ẹ̀lì T láti inú kókó aláìsàn, kí wọ́n bí i sí i ní yàrá àyẹ̀wò di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, kí wọ́n sì dá a padà sí i lára. Lifileucel ni wọ́n ń pe èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2024. Ìtọ́jú tó le ni, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ òǹkà kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CheckMate 067, lára àwọn tó ní mẹlanómà tó ti tàn kálẹ̀ tí wọ́n gba ipilimumab àti nivolumab pa pọ̀, 43 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kí àwọn òògùn yìí tó dé, ìdajì irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kì í lò tó ọdún kan. Kókó kan tó dìde kò fagi lé gbogbo ohun tí ìtọ́jú náà ti ṣe. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn, tí agbára bá wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ara máa ń rí kòkòrò àrùn tó kéré jọjọ, tó sì ń pa á. Kí ló dé tí kì í rí kókó tó tóbi bí ẹyin?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ó ń rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó gan-an nìyẹn. Èyí tó tóbi bí ẹyin tí o rí ni àwọn tó yè bọ́. Àwọn tí ara rí tó sì pa, ìwọ àti èmi ò ní mọ̀ láé pé wọ́n wà.

Ní 2001, Robert Schreiber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, fi kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ sára oríṣi eku méjì. Ara àwọn kan pé, àwọn kejì ò ní sẹ́ẹ̀lì T rárá. Jẹjẹrẹ mú àwọn tí kò ní sẹ́ẹ̀lì T ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbé kókó tó hù lára eku tí kò ní ọmọ ogun, wọ́n fi sára eku tí ara rẹ̀ pé. Nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún irú kókó bẹ́ẹ̀ ni ara eku tuntun náà lé dànù. Àmọ́ èyí tó ti hù lára eku tó lọ́mọ ogun, nígbà tí wọ́n gbé e fún eku míràn tí ara rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ ló dàgbà. Wò ó dáadáa: kókó tí kò rí ìjà rí ò mọ̀ ọ́n sá. Èyí tó ti dàgbà láàárín ọmọ ogun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́, torí pé gbogbo èyí tí kò kọ́ ọ ti kú.

Àwọn onímọ̀ pín in sí ìpele mẹ́ta: ara á kọ́kọ́ máa pa wọ́n; lẹ́yìn náà, àwọn tó kù àti ọmọ ogun á máa bára wọn fà á, kò ní sí ẹni tó borí; níkẹyìn, díẹ̀ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpele àárín yẹn lè gùn kọjá ohun tí èèyàn lè rò. Ní 2003, àwọn dókítà ní Scotland kọ̀wé nípa ẹnì kan tó fi kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ti gé mẹlanómà kúrò lára ẹni náà ní ọdún 16 ṣáájú, gbogbo èèyàn sì gbà pé ó ti lọ. Àwọn méjèèjì tó gba kíndìnrín náà ní mẹlanómà. Ẹni tó bá gba kíndìnrín tuntun gbọ́dọ̀ máa lo òògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba. Fún ọdún 16 yẹn, ara ẹni tó ni kíndìnrín ti ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ láì jẹ́ kó mọ̀. Tí o bá dé ilé ìwé ìṣègùn, bi àwọn olùkọ́ rẹ léèrè nípa ìpele àárín yìí. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀ fún ìran tìrẹ.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni mo ní, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń gba ìtọ́jú ní irú tèmi gan-an. Ìmúnotẹ́rápì ni wọ́n ń fún un, ara rẹ̀ sì ti yá. Wọ́n ní kẹmó ni tèmi. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní òògùn tirẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣé torí pé ara mi ò lágbára tó ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Màmá, ibì kan náà lára ni àìsàn yín àti tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Pùròtéènì mẹ́rin kan wà, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún àṣìṣe inú DNA ṣe nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín. Nínú jẹjẹrẹ àwọn kan, ọ̀kan nínú wọn ti kúrò níbi iṣẹ́. Àṣìṣe á wá pọ̀ jaburata, pùròtéènì àjèjì á máa jáde lóríṣiríṣi, sẹ́ẹ̀lì T á sì rọ́ wọ inú kókó náà. Wọ́n ti dé ojú ìjà, ìjánu nìkan ló dá wọn dúró, nítorí náà òògùn tó ń tú ìjánu máa ń ṣe bẹbẹ. Ní 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pembrolizumab fún irú jẹjẹrẹ yìí níbikíbi tí ì báà wà lára. Ní 2022, àwọn dókítà ní New York fún àwọn tó ní irú rẹ̀ ní ìdí ní dostarlimab, òògùn míràn tó ń dí PD-1, nìkan: àwọn méjìlá àkọ́kọ́ tó parí ìtọ́jú náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n tún rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀, láì sí iṣẹ́ abẹ, láì sí kẹmó.

Àmọ́ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti tàn kálẹ̀, nǹkan bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀yà yìí. Nínú tàwọn yòókù, sẹ́ẹ̀lì T kì í pọ̀ nínú kókó. Nígbà míràn wọ́n á dé etí rẹ̀, wọn ò ní lè wọlé, torí pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TGF-beta ti mú kí ẹran ara tó le bí àpá yí i ká. Nígbà míràn jẹjẹrẹ á ti pe irú sẹ́ẹ̀lì T kan tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn tí à ń pè ní Treg, wá sí tòsí. Ẹ ò lè tú ìjánu ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní òògùn náà, ewu rẹ̀ nìkan ni ẹ máa jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi èsì àyẹ̀wò pùròtéènì mẹ́rin yẹn hàn yín. Tí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ ní kí wọ́n ṣe é. Tí wọ́n bá ti ṣe é tí gbogbo rẹ̀ sì pé, kẹmó yẹn ló bá àìsàn yín mu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ara yín ló kùnà.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ń gba pembrolizumab fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọ̀rẹ́ ń fi àgúnmu àti oògùn oníhóró ránṣẹ́ pé ó ń fún ọmọ ogun ara lókun. Ṣé kó máa lò ó? Ìgbẹ́ gbuuru tún ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ ra oògùn apakòkòrò fún un.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá sí. Ẹ pe ilé ìwòsàn lónìí. Ọmọ ogun tí wọ́n tú ìjánu rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun jà. Tí wọn ò bá tètè dá a dúró, ìfun lè lu. Ìtọ́jú rẹ̀ ni òògùn sitẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone tí dókítà á kọ fún wọn. Tí wọ́n bá kọ ọ́, kí wọ́n lò ó, ẹ má rò pé ó ti ba ìtọ́jú jẹjẹrẹ jẹ́.

Ẹ má ra oògùn apakòkòrò fúnra yín. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun wa wà lára ohun tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́. Ìwádìí púpọ̀ sì ti fi hàn pé àwọn tó lo apakòkòrò lásìkò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmúnotẹ́rápì kì í sábà rí àǹfààní rẹ̀ tó àwọn yòókù. Ní 2021, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Ísírẹ́lì, gbé ìgbẹ́ àwọn tí òògùn bá lára mu sínú ìfun àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún, kókó àwọn díẹ̀ lára wọn sì súnkì. Tí dókítà bá ní ìyàwó yín nílò apakòkòrò nítorí àrùn gidi, kí wọ́n lò ó.

Ní ti àgúnmu àti oògùn oníhóró yẹn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì fún wọn níkankan títí dìgbà yẹn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí àwọn ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgúnmu tó lè tún HLA tó sọnù ṣe, òmíràn sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ débi pé a ò ní mọ̀ bóyá pembrolizumab ló fà á tàbí òun.

Láti òní lọ, tí wọ́n bá ń mí gúlegúle, tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ lójijì, tí orí fífọ́ bá dé pẹ̀lú ojú tó ń ṣú, tàbí tí iṣan ara wọn ò bá lágbára, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Irú nǹkan yìí lè ṣẹlẹ̀ ní oṣù púpọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn pàápàá. Ẹ kọ orúkọ òògùn náà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn sínú ìwé kékeré kan, kó máa wà nínú àpò wọn, kí dókítà tí kò mọ̀ wọ́n rí lè rí i kà.